Ihò Abẹ́rẹ́ Kejì

Nígbà tí wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Láníhùn kò dáhùn.

Ó ti pinnu pé òun yóò dáhùn. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ omi kọ́kọ́ kígbe pé, "Ta ni ó ní ọ̀rọ̀ sí ikú ọkùnrin yìí?", ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣì ku ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kan náà dé, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Kànmbí, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ń wò ó láti orí pèpéle. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wò ó ní kékeré, nígbà tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí bàbá rẹ̀ kọ̀wé tán.

Ẹ̀ṣọ́ náà yí kọ́kọ́rọ́. Omi tú sínú páìpù lábẹ́ pèpéle, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Ọrùn-irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Omi ìdájọ́ ni wọ́n ń pe omi náà. Táǹkì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n fún mu nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún tí òùngbẹ fi ń pa ìlú. Irin pẹlẹbẹ méjì ni Ọrùn-irin, ọ̀kan níwájú ọ̀fun, ọ̀kan lẹ́yìn, kì í sì í yára. Ẹsẹ̀ Kànmbí ta. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún bọ́, ó já sáàárín èrò. Ojú rẹ̀ wú, ó ṣú. Nǹkan kan dún ní ọrùn rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi tútù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dẹ́kun títa.

Ẹnìkan gbé bàtà náà, ó sọ ọ́ lu òkú.

Wọ́n tú òkú sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle láìfi nǹkan bò ó. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Láníhùn dúró níbi tí ó wà láàárín àwọn àgbà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí kò ní bàtà. Ó rí i pé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti gùn.

"Ẹ mú ìyàwó rẹ̀ wá," ni Olórí Òǹkàwé wí.

Ṣówándé ni orúkọ Olórí Òǹkàwé. Ọdún méjì péré ni ó fi ju Láníhùn lọ, ṣùgbọ́n ipò ti fún un ní ìrísí ẹni tí ó dàgbà ju gbogbo ìlú lọ. Òun ni ó ń ka Ìwé mímọ́ ìlú sí etí ayé ní Àgọ́-Atukọ̀, òun ni ó sì ń sọ ohun tí Ìwé wí. Iwájú rẹ̀ ni tábìlì wà, orí tábìlì náà ni Aṣàyẹ̀wò jókòó sí. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò tóbi ju àpótí ìránṣọ lọ, ó ní ojú dígí kan tí ó tó ọsàn, ó sì ní ohùn tí kì í ṣe ti ọkùnrin, tí kì í ṣe ti obìnrin. Àwọn ìlú etí omi ni wọ́n fi ránṣẹ́. Òfin wọn ni pé kò sí ìlú tí ó gbọdọ̀ fi ẹsẹ ìwé mímọ́ kankan pa ènìyàn, àfi bí ewé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ẹsẹ náà sí bá wà lójú Aṣàyẹ̀wò, tí Aṣàyẹ̀wò sì gbà á. Wáyà kan ti ara rẹ̀ lọ sára Ọrùn-irin. Bí kò bá gbà, kọ́kọ́rọ́ kò ní yí.

Wọ́n gbé Ìbíwùmí gun pèpéle. Ètè rẹ̀ ti bẹ́, eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí mọ́. Òun àti Kànmbí ni wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi tí odò òkè ń gbà wọ ìlú. Ní ọjọ́ kẹfà sí òní ni wọ́n rí i tí ẹja ń léfòó, tí òórùn odò sì ń ta wọ́n nímú bí ti bátìrì tó bẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ìlú fara da ọjọ́ méje, kí májèlé náà lè kọjá lọ sí òkun. Kò sí ẹni tí ó gbọ́. Oòrùn mú, kànga gbẹ, ọmọ kékeré mẹ́ta sì kú lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lu tọkọtaya náà títí kí wọ́n lè sọ nọ́ńbà tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Wọn kò sọ.

"Ó ku ọjọ́ méjì," ni Ìbíwùmí ń wí bí wọ́n ti ń ti orí rẹ̀ bọ inú irin. "Ọjọ́ méjì péré. Ẹ dákun. Bí ẹ bá pa mí, ẹ má ṣí i kí ọjọ́ méjì tó pé."

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta náà tutọ́ sí i lójú. Itọ́ náà kò pọ̀, ẹnu gbogbo ènìyàn ti gbẹ.

Ṣówándé dìde. Kò wo ìwé, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ẹsẹ náà. "Ẹni tí ó bá dí ojú omi, kí ọ̀fun òun náà dí."

Èrò dáhùn pé àṣẹ.

Ojú dígí tàn sórí ewé tí ó wà lórí tábìlì. Aṣàyẹ̀wò sọ ohun tí ó ti sọ nígbà ti Kànmbí. "Ọwọ́ kan náà ni ó kọ gbogbo ewé yìí. Tàdáwà kan náà. Ọjọ́ kan náà. Kì í ṣe ayédèrú."

"Ta ni ó ní ọ̀rọ̀ sí ikú obìnrin yìí?" ni ẹ̀ṣọ́ kígbe.

Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí ẹ̀rọ wí. Ọwọ́ Láníhùn ni ó kọ ewé náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Akọ̀wé mẹ́rin ni wọ́n nígbà náà, tí wọ́n jókòó yí Ìyá Atukọ̀ ká, obìnrin tí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nínú omi nígbà tí òkun gba Èkó, tí ó sì tẹ̀ wọ́n dó sórí òkè yìí, níbi tí wọ́n ti ń rí orí àwọn ilé gíga Èkó bí omi bá fà. Ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ. Àwọn méjì ti kú nínú akọ̀wé mẹ́rin náà. Ó ku Láníhùn àti Ṣówándé.

Wọ́n ní òfin kan nínú iṣẹ́ wọn nígbà náà. Wọn kò gbọdọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ ewé. Ọkùnrin kan ti rí àlàfo rí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìyá Atukọ̀ fún òun ní ilẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn, ènìyàn mọ́kànlá sì kú nínú ìjà ilẹ̀ náà kí wọ́n tó mọ̀ pé irọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ Ìyá bá tán tí ewé kò tíì kún, akọ̀wé yóò fi ohunkóhun tí ó bá bọ́ sí i lọ́kàn kún un. Á fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan síbi tí àfikún náà ti bẹ̀rẹ̀, á lu òmíràn síbi tí ó parí sí. Ẹni tí yóò dà á kọ á gbé ewé sókè sí oòrùn, bí ó bá rí ihò méjì, á fo ohun tí ó wà láàárín wọn. Àwọn ará ìlú kò mọ èyí. Àwọn akọ̀wé kì í sọ iṣẹ́ wọn síta.

"Ta ni ó ní ọ̀rọ̀?"

Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó kọ ewé náà, ẹnìkan ti da èkùrọ́ dí gọ́tà lẹ́yìn ilé tí Láníhùn ń gbé. Omi ìfọṣọ ṣẹ́rí padà wọ yàrá onílé wọn, arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ó sì dúró ní ìta ó ń ṣépè títí ilẹ̀ fi mọ́ gedegbe. Nígbà tí Láníhùn dé ibi iṣẹ́, tí ó ku ìlà kan ààbọ̀ kí ewé rẹ̀ kún, èpè onílé náà ni ó ṣì ń dún létí rẹ̀. Ó lu ihò àkọ́kọ́. Ó kọ èpè náà sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì lu èkejì tí wọ́n fi sáré wọlé wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti bí ọkùnrin. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ fìlà, ó sáré lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò lọ́dọ̀ ọmọ. Nígbà tí ó padà dé, ewé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbọ́ èpè náà nígbà àkọ́kọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ikú Ìyá Atukọ̀, nínú ìjọ, tí wọ́n ń kà á bí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú tì í láti sọ̀rọ̀. Ó ní ta ni yóò lò ó? Ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tí ó lò ó, títí ọ̀dá fi dé ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń wá ẹsẹ tí wọ́n lè fi gbe òfin omi lẹ́sẹ̀.

"Ta ni ó ní ọ̀rọ̀ sí ikú obìnrin yìí?"

"Èmi," ni Láníhùn wí.

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí i. Ó jáde láàárín àwọn àgbà, ó gun pèpéle, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ kí ó má baà tẹ ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọkùnrin kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láàárín èrò. "Wọ́n ń pa ọmọ, bàbá dákẹ́. Ó kan ìyàwó ọmọ, bàbá rí ohùn." Àwọn mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń fi ohun tí kò ṣeé gbọ́ létí kún un. Òkúta kan ba Láníhùn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fi ahọ́n wá eyín tí ó ṣẹ́, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó kó o sí àpò.

"Ẹsẹ yẹn kì í ṣe ti Ìyá Atukọ̀," ni ó wí. "Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Ṣówándé kò gbéra lórí àga. "Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìwọ ni o kọ ewé náà, Láníhùn. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́. Ọwọ́ tìrẹ ni, ọ̀rọ̀ Ìyá ni."

"Ọ̀rọ̀ onílé mi ni, ẹ̀gbọ́n. Gọ́tà ló dí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Inú ti ń bí àwọn mìíràn, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọmọ wọn ní ẹsẹ náà, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri ilé wọn, wọ́n sì ti pa ènìyàn nítorí rẹ̀ kò tíì ju wákàtí kan lọ. Ṣówándé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bi í léèrè bí ó ti yẹ. Ó ní bí Ọlọ́run bá tilẹ̀ gba ẹnu onílé sọ̀rọ̀, kí ló burú níbẹ̀? Ṣé kò ti ẹnu atukọ̀ kan lásán sọ̀rọ̀ rí? Ó ní ọ̀rọ̀ tí ìlú odidi ti gbà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, báwo ni akọ̀wé kan ṣe lè dìde ní ọjọ́ tí ó bá wù ú kí ó gbà á padà?

"Bí ẹsẹ yìí bá jẹ́ tìrẹ," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "mélòó nínú ìyókù ni a óò tún lè gbà gbọ́? Sọ fún wọn. Kí wọ́n lọ sílé kí wọ́n lọ máa fi Ìwé dáná?"

"Mi ò mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí mo kọ." Láníhùn yíjú sí ẹ̀rọ. "Aṣàyẹ̀wò, ka ìlà tí ó gbẹ̀yìn lára ewé tí ó ṣáájú eléyìí. Ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi Ṣówándé ni."

Ṣówándé na ọwọ́ láti bo àpótí àwọn ewé náà. Ó pẹ́ jù. Apá irin tín-ín-rín ti fa ewé náà yọ.

"Ẹja ọ̀bọ̀kún mẹ́ta," ni ẹ̀rọ kà. "Àrọ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀pà mi kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Òjò yóò rọ̀ lónìí."

Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú ìjọ. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. Ìbíwùmí, tí irin wà lọ́rùn rẹ̀, ṣí ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, Ìwé ni èyí náà," ni Láníhùn wí. "Tàdáwà kan náà, ọwọ́ kan náà. Kí ló dé tí ẹ kì í kà á fún wọn?"

Ṣówándé ti di arúgbó lójú kan náà. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo èrò, ó sì wo Láníhùn bí ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá purọ́, ẹ̀rọ náà yóò gbé ewé sókè.

"Nítorí ihò méjì," ni ó wí níkẹyìn.

Láníhùn wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, àlàfo, abẹ́rẹ́, ihò, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó sọ ti gọ́tà. Ó sọ ti ìránṣẹ́ tí ó sáré wọlé. Nígbà tí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó ti sọ irú ọmọ tí wọ́n bí, ó na ìka sí òkú tí ó wà nílẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí ẹ̀rọ wo ìlà tí ó gbẹ̀yìn ewé tòun.

"Ihò kan," ni Aṣàyẹ̀wò wí.

"Kòkòrò ni," ni Ṣówándé wí kíákíá.

"Abẹ́rẹ́ idẹ. Ó wọlé kí tàdáwà tó gbẹ."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?" ni ẹ̀ṣọ́ bi ẹ̀rọ, inú ń bí i.

"Wọ́n bi mí bóyá ayédèrú ni. Kì í ṣe ayédèrú. Ẹsẹ yìí kò ní ẹni tí ó sọ ọ́. Kò lè pa ènìyàn."

Ọrùn-irin dún kọ̀, ó ṣí. Ìbíwùmí wó lulẹ̀.

Nígbà náà ni ibẹ̀ dàrú. Ìyá tí ó tutọ́ lẹ́ẹ̀kan gun pèpéle pẹ̀lú bíríkì, ó ń pariwo pé ẹsẹ tàbí kò sí ẹsẹ, obìnrin yìí ni ó pa ọmọ òun. Káfíńtà kan dì í mú, ó ń wí pé kí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ. Bíríkì náà bá a ní ẹ̀bátí, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Àwọn ènìyàn káfíńtà náà rí i. Wọ́n fa ọ̀bẹ yọ. Ìlú pín sí méjì lójú kan náà, àwọn kan ń jà nítorí Ìwé, àwọn kan nítorí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nítorí òùngbẹ. Ẹnìkan fi ẹ̀rú ọkọ́ fọ́ ojú dígí Aṣàyẹ̀wò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fi kóńdó fọ́ orí ẹnikẹ́ni tí ó bá sún mọ́ wọn. Láníhùn da ara bo Ìbíwùmí mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ta á ní ìpá lẹ́yìn títí egungun ìhà rẹ̀ kan fi ṣẹ́. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ó ṣẹ́.

Ṣówándé ni ó dá wọn dúró. Ó gun orí tábìlì, ó ka òfin ìlú, kì í ṣe ti Ìwé, sókè: ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún Ìwé, ìlú yóò gba ọwọ́ tí ó fi kọ ọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí ìlú ń fẹ́ wà nílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Wọ́n gbọ́. Láníhùn dìde fúnra rẹ̀, ó sì ká apá ẹ̀wù ọ̀tún sókè.

Ọrùn-irin tún lè yí, nítorí wáyà Aṣàyẹ̀wò ti já nínú ìjà náà. Wọ́n ki ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sáàárín irin méjèèjì.

"Ṣé o mọ̀," ni Ṣówándé wí nígbà tí ó ń fi okùn so apá rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dé etí ẹlòmíràn, "pé ìwọ ni o pa ọmọ rẹ?"

"Mo mọ̀."

Ṣówándé fa okùn náà le. "Mo rí i pé ihò kan péré ni nígbà tí mo ń dà á kọ. Mo gbé e sí oòrùn títí. Mo mọ ọwọ́ rẹ, mo mọ̀ pé o gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mi ò fẹ́ fò ó."

Láníhùn wò ó. Ẹ̀ṣọ́ yí kọ́kọ́rọ́, omi ìdájọ́ tú, irin sì rọra pa dé. Egungun ọwọ́ rẹ̀ fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ké títí àdá fi parí èyí tí irin bẹ̀rẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí wọ́n ki ibẹ̀ bọ inú ọ̀dà gbígbóná.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, èrò ti ń tú ká. Òkú márùn-ún ni ó wà nílẹ̀ báyìí, ti Kànmbí kò dá wà mọ́. Ìbíwùmí ti jókòó tì í, ó ti wọ bàtà ọ̀tún fún un, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nu itọ́ àti eruku kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, bàbá mi," ni ó wí láìgbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta ni wọ́n bèèrè fún òun náà."

"Ìgbà mẹ́ta ni."

Ìbíwùmí ya ìdí aṣọ rẹ̀. Ó fi í bo ọkọ rẹ̀ lójú, ó dìde, ó ń tiro lọ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn omi láti lọ ṣọ́ ọ. Ó ku ọjọ́ méjì.

Ṣówándé gbé ewé náà wá bá Láníhùn níbi tí ó jókòó sí. Ó béèrè bóyá kí wọ́n ha ìlà náà kúrò. Bí wọ́n bá sì ha á, kí ni kí wọ́n fi kún àlàfo náà? Láníhùn ní kí ó má ha nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kọ̀wé rí. Ó tẹ́ ewé náà lé orúnkún, ó wá ibi tí èpè onílé rẹ̀ parí sí, ó kọ́kọ́ gún ara rẹ̀ ní itan kí ó tó rí ibi tí ó yẹ. Ó gbé ewé náà sókè sí oòrùn, ó wò ó. Ihò méjì. Iṣẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí Kànmbí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.